Eré Ìdọ̀bálẹ̀

Àìná ṣẹ̀ṣẹ̀ ti irin onítáyà rẹ̀ dé òpin ọ̀nà ní ìgbà kẹsàn-án ni fóònù dún nínú bàtà tó bọ́ sílẹ̀. Ọyẹ́ ti bo gbogbo Agoè-Nyivé ní Lomé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́míjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò kígbe sí i ní èdè Mina bó ṣe ń kọjá:

"Táńtì, ṣé epo ló tán nínú ọmọlanke yín?"

Àìná bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà. Ó gbé fóònù. Jean-Paul, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àìná, níbo lo wà?"

"Agoè ni, Bọ̀ọ̀dá. Mo ń ṣe ìdánrawò."

"Fi irin yẹn sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé. Pàpá ti lọ."

Àìná kò bi í pé níbo ni Pàpá lọ.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Àìná ti ń ṣojú Tógò nínú eré kan tí wọ́n ń ṣe lórí yìnyín. Eléré á di pẹpẹ irin kékeré kan mú, á sáré tì í, á fò lé e, á dojú bolẹ̀, orí síwájú, apá mọ́ ìhà, irin á sì máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Yìnyín tó wà ní Lomé kò ju ti inú fíríìjì lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti irin onítáyà bó bá wá sílé fún Kérésìmesì. Sikẹ́lẹ́tọ́ọ̀nù ni àwọn òyìnbó ń pe eré náà. Pàpá, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni nílé ìwé àwọn Fadá, sọ ọ́ ní eré ìdọ̀bálẹ̀.

"Ọmọbìnrin tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀," ni Pàpá máa ń wí, "ló wá ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yìnyín òyìnbó. Ìgbà wo lo máa dọ̀bálẹ̀ fún èmi?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ borí ná, Pàpá."

Kò borí rí. Ipò kẹtàlélógún ló dára jù nínú gbogbo ipò tó gbà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọrùn kì í sì í jẹ́ kó sùn dáadáa mọ́.

Fadá fún wọn ní Sátidé kejì nínú oṣù kìíní fún ìsìnkú. Sátidé yẹn gan-an ni ìdíje tó kẹ́yìn, èyí tí yóò sọ bóyá Àìná yóò lọ sí Òlíńpíìkì tàbí kò ní lọ.

Serge, ẹni tó ń kọ́ ọ, pè láti Jámánì. "Bí o ò bá dé ní Ọjọ́bọ̀, ó parí nìyẹn o. Bàbá rẹ ò ní fẹ́ kí o jókòó sílé."

"Ṣé ẹ bá a sọ̀rọ̀ ni?"

Nínú ilé wọn ní Tokoin Wuiti, Táńtì Hortense, àbúrò Pàpá, kò fẹ́ gbọ́ rárá. "Yìnyín! Wọ́n á béèrè ọmọ olóògbé, ká ní ó lọ yọ̀ lórí yìnyín!"

Màmá jẹ́ kí Hortense jáde ná. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń wù ọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Àìná wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó le bíi ti alágbẹ̀dẹ. "Ohun tó ń wù mí ni kí Pàpá rí i pé mo borí."

Màmá fà á mọ́ra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àìná ti kọ̀wé sí Serge: mi ò ní wá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan láti bu iyanrìn sí sàréè. Nígbà tó kan Àìná, kò kúnlẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì nà gbọọrọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn!" ni Hortense ké.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Màmá wí.

Àìná fi apá mọ́ ìhà. Ó gbé àgbọ̀n kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ wà níwájú, bó ṣe máa ń ṣe bí irin bá ti gbéra. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ò lọ síbì kankan. Ó rọra gbé iwájú orí lé iyanrìn.