Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìṣọ́

"Ta ló sún ayẹyẹ yìí sí ọjọ́ Sọ́ńdè? Ṣebí ẹ̀yin náà ni, Màmá!" Wieland káfíńtà ló fẹnu sí fèrèsé kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn kẹ́mísì, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní òjò máa rọ̀ ní Sátidé."

"Èmi ni." Gesine Ahlborn di orí mú. "Mo wo ojú ọ̀run, n ò wo kàlẹ́ńdà."

Òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Gbogbo kẹ́mísì yòókù ti tì, òfin sì ni pé ẹni tó bá kàn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Ojú fèrèsé yẹn ni yóò ti máa fún àwọn èèyàn lóògùn. Àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣí ilé ìṣọ́ gíga orí òkè lónìí kan náà! Ìjì ló wó ti àtijọ́, níbi tí Gesine ti máa ń wo gbogbo ìlú Wernsroda láti èjìká bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Gesine ni alága Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe. Ó yọ ará ìlú lẹ́nu láti ilé dé ilé, títí wọ́n fi kọ́ tuntun. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n: kí òun kọ́kọ́ gùn ún. Láti àárọ̀ ni inú rẹ̀ ti ń dùn bíi tọmọdé, kò lè jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká sáré lọ, ká sáré bọ̀," ni Wieland wí. "Mọ́tò mi rèé. Ta ló máa mọ̀?"

Ojú Gesine tàn. Ó ti wọ kóòtù, ó ti di ilẹ̀kùn mú, nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọkùnrin kan gbé ọmọbìnrin kékeré dání, àyà ọmọ náà ń súfèé.

"Ẹ jọ̀ọ́, òògùn tó ń fà símú ti tán! Ibi gbogbo ló tì!"

Gesine gba ìwé dókítà, ó sáré mú òògùn wá. Ọmọ náà fà á, ó tún fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí rẹ̀ já gaara.

Gesine bọ́ kóòtù. "Máa lọ, Wieland. Ẹ ṣí i."

Nígbà tí fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí òkè, inú bí i sí ara rẹ̀, ó sì ń jó lẹ́yìn káńtà. Lójijì, fèrè dákẹ́. Nígbà tó tún dún, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ti ń dún. Gbogbo ìlú ló sọ̀ kalẹ̀, tàwọn ti sọ́séèjì àti bíà lọ́wọ́!

"Kí ló dé? Ta ló kọ́kọ́ gùn ún?" ni Gesine bi wọ́n.

"Ẹnì kankan ò gùn ún," ni Wieland dáhùn. "Méyọ̀ ìlú wa ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, a fà á ní kóòtù bọ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́ pa."

Ó ti kọ́kọ́rọ́ kan gba ojú fèrèsé wọlé. Gesine dì í mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, Màmá, lẹ́yìn náà a ò ní tì í mọ́," ni Wieland wí. "Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jẹun."