Àyè Tó Kù Nínú Kọ̀ǹpútà Rédíò

"Ṣé o ti kéde rẹ̀?" Rangel awakọ̀ kátápílà kò tíì wọlé tán tó fi béèrè. Yìnyín kún bàtà rẹ̀, ó sì fi fìlà onírun rẹ̀ nu ojú.

"Kí ni mo fẹ́ fi kéde?" Zdravka ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "A ò sí lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Rédíò kékeré tó wà létí fèrèsé kàn ń hó ṣàà ni.

"Háà, Zdravka, má ṣe mí báyìí! Mo ti tan kátápílà sílẹ̀ níta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè la yìnyín yẹn gòkè lónìí. Iná ò sí ní abúlé òkè, fóònù wọn ti kú, rédíò oníbátìrì ló kù tí wọ́n ń gbọ́. Bí wọn ò bá mọ̀ pé mò ń bọ̀, ta ló máa wá dúró dè mí ní oríta? Oyún ìyàwó ọmọ Stamen ti pé. Bàbá Vlado tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Máa lọ. Kí o tó dé oríta, màá ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun ò mọ bí òun ṣe máa mú un ṣẹ. Zdravka ni olóòtú rédíò Elovitsa, ìlú kékeré tó wà láàárín òkè Rodópì. Òun ló ń ka ìròyìn, òun ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, òun náà ló ń kéde ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sórí òpó rédíò ò dá a lóhùn mọ́. Bó bá ti ṣí i, á ní kò sí àyè, á sì pa ara rẹ̀ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ sí Jámánì, kò sì gbé fóònù. Ẹnì kan ló kù, ìyẹn Lyuben, ẹni tó to kọ̀ǹpútà náà fún wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Kremena ọmọ rẹ̀ ní ìlú Plovdiv. Wọ́n ní kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́.

Zdravka pè é. Ó gbé e.

"Bàbá Lyuben, ẹ káàsán o. Èmi Zdravka ni. Ẹ má bínú—"

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni. Ó ní kò sí àyè mọ́."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "O ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣí ojú dúdú yẹn, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ sí i."

"Ẹ̀rù ojú dúdú yẹn ń bà mí."

"Kì í géni jẹ. Yí bọ́tìnnì rẹ sí lẹ́tà Látìn ná, torí bó o bá fi lẹ́tà èdè tiwa kọ ọ́, kò ní gbọ́. Kọ d, kọ f. Fi àlàfo sílẹ̀. Fa ìlà kékeré kan, kí o lẹ h mọ́ ọn lẹ́yìn. Tẹ bọ́tìnnì Enter."

Ìlà mélòó kan tú jáde. Zdravka fi ìka tọ̀ wọ́n bí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kíkà.

"Èyí tó tóbi jù ńkọ́?" ni Lyuben béèrè. "Mélòó ni wọ́n ti lò nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Gbogbo ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kù, òdo."

"Ó ti yó dé ọ̀fun. Jẹ́ ká wo ohun tó jẹ."

Ó pe àṣẹ mìíràn fún un, èyí tó ń wọn fọ́dà kọ̀ọ̀kan níbi tí ohùn wà. Zdravka kà á títí ó fi dé orí èyí tó ju gbogbo ìyókù lọ. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Snezhana."

Ìyàwó Lyuben ni. Àràárọ̀ ọjọ́ Sunday ló máa ń ka ìtàn fáwọn ọmọdé lórí rédíò náà nígbà ayé rẹ̀. Lyuben ò gbà kí wọ́n fún ohùn yẹn pọ̀ láti dín àyè tó ń gbà kù. Ó ní ohùn ìyàwó òun kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín.

Lyuben ní, "Pa á rẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Àwọn tó wà lókè yẹn ṣì wà láàyè, Zdravka. Snezhana ò ní bínú. Ó yá, kọ r, kọ m—"

"Mi ò ní kọ ọ́."

"Má bá mi jiyàn!"

"Mò ń bá yín jiyàn, Bàbá. Ẹ gbọ́ mi ná. Snezhana ò ka nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Fọ́dà rẹ̀ ò lè tóbi sí i. Kí ló wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún lónìí?"

 Ẹ̀rín gbígbẹ kan bọ́ lẹ́nu bàbá náà. "Ó dáa. Ó dáa. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń ráhùn sí, tó ń kọ ohun tó ń dà á láàmú sílẹ̀, la máa lọ báyìí."

Fáìlì kan ló wà níbẹ̀, ó wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ sí. Nígbà tí Zdravka wo ìparí rẹ̀, gbólóhùn kan náà ló ń tẹ̀ léra: kọ̀ǹpútà ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò rí i.

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a gbé fún ilé ìwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn!" ló pariwo. "Àṣé látìgbà yẹn ló ti ń ké pè é?"

"Kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Sọ fáìlì yẹn dòfo. Ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí mi létí kí o tó tẹ̀ ẹ́."

Ó kà á, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún kọ àṣẹ àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é fún un. Nínú ọgọ́rùn-ún, wọn ò lò tó àádọ́rin mọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, iná pupa tàn lókè ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará òkè," ni Zdravka wí, "Rangel ń bọ̀. Ẹ gbé aboyún yẹn, ẹ gbé Bàbá Vlado, ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀ wá sí oríta." Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

Ojú ọ̀run ti ń dúdú nígbà tí Rangel pè láti ojú ọ̀nà. Ẹ̀rọ kátápílà ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n gbọ́ ọ! Ẹṣin ni wọ́n fi gbé aboyún náà wá, wọ́n fi awọ àgùntàn wé e. Bàbá Vlado mú ìgò oyin dání, ó ní tìẹ ni. A ti ń lọ sí ọsibítù. Kú iṣẹ́, obìnrin!"

Zdravka jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó tún nu ojú. Lẹ́yìn náà ló pe Plovdiv. Kremena ló gbé e.

"Àǹtí Zdravka, kí lẹ ṣe fún bàbá mi?"

"Òun ló ṣe é fún wa. Bá mi sọ fún un pé wọ́n ti dé oríta láyọ̀. Sọ fún un pé a dúpẹ́, gbogbo wa."

"Ó ń di báàgì lọ́wọ́. Ó ní bí òun ò bá wá gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn kúrò lọ́kàn kọ̀ǹpútà náà, á tún kún. Mo ní ọ̀nà ti dí, kò dá mi lóhùn."

"Jẹ́ kó máa dì í. Ọ̀nà á là. Yàrá wà nílé mi."

 Ẹkún ti wà lóhùn Kremena. "Ó ní kí n bá òun wá abẹ ìfárùngbọ̀n. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì béèrè ohun kankan lọ́wọ́ mi rí. Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ ṣé gan-an."

"Wá a fún un," ni Zdravka wí. "Kó fá irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. À ń retí rẹ̀."