Ojú Tí Ìyá Ń Wò

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá: kí ni èèyàn ń ṣe fún ìyá tí inú ń bí, tí kò sì sọ pé inú ń bí òun?

Torí inú ń bí Ìyá mi. Mo mọ̀. Wọ́n jókòó tì mí níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n fi ìborùn wé ọrùn, ọwọ́ wọn wà lórí itan bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀… ilé ọ̀fọ̀. Kí ló tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ wá? Ọlọ́hun, foríjì mí.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń mú wọn kiri Ṣikágò. Mo mú wọn dé ìdí ilé gogoro tí gbogbo ayé ti fìgbà kan sọ pé kò sí èyí tó ga tó o. "Ìyá, ẹ wòkè." Wọ́n wòkè. "Ó ga." Ó parí. Ojú wọn ti padà sára àwọn èrò tó ń kọjá. Mo mú wọn dé ilé àwòrán, níbi tí kìnnìún onídẹ méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò lábẹ́ wọn. "Èyí ò lè bu èèyàn jẹ," ni Ìyá wí, wọ́n sì yíjú sí obìnrin òyìnbó kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ lọ. Adágún omi tó fẹ̀ bí òkun — wọn ò wò ó. Ẹni tó bá ń bínú síni ni kì í wo ohun ẹni. Ọ̀rọ̀ ikú Bàbá ni. Kí ni ìbá tún jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù ló sin Bàbá. Èmi kò lè lọ. Ìwé tí n ó fi padà wọ ilẹ̀ yìí kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ — mo ṣàlàyé lórí fóònù, mo sunkún, Ìyá ní, "Ó ti tó, Kàfáyà." Láti ọjọ́ náà, wọn ò dárúkọ Bàbá sí mi mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń padà sílé. Wọ́n ti dàgbà. Bí wọ́n bá gbé ìbínú yìí wọ bàálù… bí n kò bá tún rí wọn mọ́… Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni? Níbí, lójú gbogbo òyìnbó? N ó kúnlẹ̀. N ó kàn sọ pé Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ —

"Kàfáyà. Ta ló ń kí ọ nínú ìlú yìí?"

Ta ló ń…?

"Mo ti ń wojú èèyàn láti àárọ̀. A la èrò kọjá bí èrò yídì. Ẹnì kan ò kí ọ. Ìwọ náà ò kí ẹnì kan. Àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tìrẹ ńkọ́, kí lorúkọ wọn?"

N kò mọ̀. Mo mọ ìró ilẹ̀kùn wọn. Mo mọ òórùn ohun tí wọ́n ń dín. Nílé, àlejò ẹni ò ní í tíì mumi tán tí a ó fi mú un lọ kí ará ilé. Mo gbé Ìyá mi wọ Edgewater, àdúgbò mi, n kò mú wọn kan ilẹ̀kùn kankan. "Bí wọ́n ti ń ṣe níbí nìyẹn, Ìyá." Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ojú èèyàn. Ojú èèyàn ni wọ́n ń wò…

Bọ́ọ̀sì ti dé. Mo mọ dírẹ́bà yìí — ọkùnrin dúdú onírùngbọ̀n funfun tó máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Òun náà ló ń wà á lọ́sàn-án yìí.

"Kafi! O ò lọ síbi iṣẹ́? Yéè, màmá rẹ rèé! Ojú kan náà!" Ó ti ṣí fìlà. Ó ń bá Ìyá sọ̀rọ̀ lọ ràì bí ẹni pé Ìyá gbọ́ òyìnbó: oorun ni ọmọ yín máa ń sùn nínú ọkọ̀ mi o, èmi ni mo ń jí i tó bá kan ibi tó ti ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣàìsàn nínú yìnyín, gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ni mo ń bi pé, Kafi mi dà?

Èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Bí mo sì ti ń túmọ̀ rẹ̀… Kafi mi dà? Ó bi wọ́n bẹ́ẹ̀? Ó ń wò mí nínú dígí ọkọ̀ láràárọ̀, mo pè é ní dírẹ́bà.

Ìyá ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ò ní í tì ọ́, ọmọ mi, o ò ní í ṣìnà… Ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn pé kí ọkọ̀ máa lọ. "Ẹ ní sùúrù! Wọ́n ń gbàdúrà fún mi!" Ó ń ṣe àmín níbi tí àmín ò tíì kàn.

A ti jókòó. Ìyá mí kanlẹ̀. "Ohun tí bàbá yín bi mí kẹ́yìn nìyẹn. Ta ló ń kí Kàfáyà lọ́hùn-ún? Mo ní n ò mọ̀. Mo ní n ó wá fojú mi rí i."

Bàbá kò bínú. Ìyá kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n nítorí mi, àwọn méjèèjì… Alihamudulilahi. Ẹkún yìí, ẹ jẹ́ kó máa dà. Bàbá, Ìyá ti fojú ara wọn rí i. Wọ́n ti mú ìlérí tí wọ́n ṣe fún yín ṣẹ.