Afárá Inú Rédíò

Ọjọ́ tí rédíò kéde pé afárá wa ti parí ni ọkọ mi kú létí odò náà. Mo kọ ìròyìn méjèèjì sábẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan bù mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni àkọsílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Olúmúyìwá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, a máa jókòó ti rédíò láràárọ̀, wọn a kọ ohun tí ìjọba wí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa lẹ́yìn Ẹrúnmu. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn ọdún, wọn a kà á fún ìjọ. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni mo gba bírò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkàwé náà, Baba Ìjọ Adéyẹmí wá sílé mi.

"Ìyá Tẹniọlá, Ọnọrébù ni alága ìdúpẹ́ wa lọ́la o. Wọ́n fẹ́ bá wa kan páànù ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ afárá yẹn, ẹ bá wa fò ó."

"Èwo ni kí n fò níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ rédíò ni, àbí ikú ọ̀rẹ́ yín?"

Wọ́n wolẹ̀. "Ẹ ka ikú. Ẹ má ṣáà sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá sọ ọ́, ṣé òkú á jí ni?"

"Páànù náà kò ní jí i."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀!"

Òótọ́ ni. Nígbà ìsìnkú, Ọnọrébù fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́, mo sì ní ẹ ṣeun, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa ní ilé-ìwé ìjọ. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé yẹn ti sú mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọnọrébù jókòó síwájú nínú agbádá funfun. Sàníù ọlọ́kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun ló gbé ọkọ mi dé etí odò lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti ń lọ sí ọsibítù, tí omi kún, tí kò sí ibi tí a ó gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Ní ìjọ wa, bí ìròyìn bá dára, gbogbo ènìyàn á ní "A dúpẹ́, Olúwa", bí kò bá dára, "Ṣàánú fún wa." Òjò tètè dé: a dúpẹ́. Owó ọkọ̀ Ìbàdàn di ìlọ́po méjì: ṣàánú fún wa. Ìjọba ní iná kò ní máa ṣẹ́jú mọ́: ìjọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn.

Mo dé oṣù kẹjọ.

"Ní òwúrọ̀ yìí, rédíò ní Ọnọrébù ti parí afárá odò wa, àwọn ará abúlé sì ti ń gba orí rẹ̀ kọjá."

Ọnọrébù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pariwo, "A dúpẹ́, Olúwa!" Àwọn nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àpèkẹ́ wí láti ẹ̀yìn pé, "Ṣàánú fún wa." Ẹlòmíràn gbà á. Ilé Ọlọ́run sì gbà á pátá.

"Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, Olúmúyìwá kú lórí ọ̀kadà létí odò, nítorí kò sí afárá."

"Wàláì, òótọ́ ni!" Sàníù ké láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo gbé wọn! Òpó méjì péré ló wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ gan-an kò lè gbà á kọjá!"

Ọnọrébù dìde. "Màmá, a bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé òṣèlú wọ ilé Ọlọ́run."

"Ta ló gbé e wọlé, sà? Ẹ jókòó. Tíṣà ni èmi náà. A kì í dìde nígbà tí wọ́n bá ń kàwé lọ́wọ́."

Ó jókòó. Baba Ìjọ fa aṣọ mi. "Ìyá Tẹniọlá, ó tó bẹ́ẹ̀."

Mo já aṣọ mi gbà lọ́wọ́ wọn. Ó ku oṣù mẹ́rin gbáko tí n kò tíì kà, ìjọ sì ń dúró. Mo ṣí ojú ewé tó kàn.