VPN Ọ̀fẹ́ Bàlíkísù

Bàlíkísù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Bí ẹ bá gbé léèsì ayédèrú wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ẹ ò ní í tíì tú u tán tí yóò ti sọ fún yín pé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Nítorí náà, nígbà tó gba VPN ọ̀fẹ́, áàpù tó ń bo ohun téèyàn ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sórí fóònù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí òun ń wò mọ́.

Oyún ló fẹ́ fi pamọ́. Oyún náà kéré, Teslim ọkọ rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Kò sí obìnrin ilé wọn tó ń pariwo oyún tí kò tíì yọ, àmọ́ ti Bàlíkísù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní léṣìí, kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí Alhaja Sìmíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ti fi ìdùnnú ròyìn ẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀. Oyún náà wálẹ̀. Ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá ń wá kí i níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n ń sọ pé òmíràn ń bọ̀. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn lọ ló tó ráyè sunkún. Ó wá pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, àfi tí ikùn bá yọ kí ilé tó mọ̀.

Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ní Múṣin ni gbogbo wọn jọ ń gbé, Wáìfáì kan náà ni wọ́n sì ń lò. Abdullateef, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ṣètò ẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni Bàlíkísù ń pè é, orúkọ yẹn sì ń wú Abdullateef lórí gan-an. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ó ní, "Ẹ ṣọ́ra yín o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń wò lórí Wáìfáì yìí ni mò ń rí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàlíkísù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó tó fọ abọ́ tán, ó ti wá VPN kan rí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, pé ààbò tó dájú ni. Áàpù náà ń tọrọ ìyọ̀ǹda lóríṣiríṣi, Bàlíkísù sì ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin tí kò jẹ́ rán bọ́tìnnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn tó ṣe VPN ọ̀fẹ́ yìí ń jẹ. Ó ń wo oúnjẹ aboyún, ó ń wo ohun tó ń fa ẹ̀yìn ríro, ó sì ń wo bẹ́ẹ̀dì ọmọdé nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Alhaja ń wo wáàsí lórí fóònù tirẹ̀ ní pálọ̀. Ààfáà ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ìpolówó bẹ́ẹ̀dì ọmọdé fi yọ. Ó kúrò, ti ìlédìí dé. Ìyẹn náà kúrò, bàtà ọmọ ọwọ́ dé. Alhaja gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí Abdullateef.

"Lateefu, ọmọ ta lo fún lóyún?"

"Ìyá, èmi kẹ̀?"

"Ìwọ lo ń gbé inú íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò bí ọmọ tó ń sá fún oyún. Dárúkọ rẹ̀, ká lọ mọ àwọn òbí rẹ̀."

Abdullateef búra títí, Alhaja ò gbọ́. Ó ti ń wá nọ́ńbà olórí ẹbí kí Abdullateef tó gba fóònù náà wò, tó sì mi orí.

"Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá rí. Ẹnìkan nínú ilé yìí ló ń lo VPN ọ̀fẹ́. Ohun téèyàn ń wò ni àwọn tó ni VPN náà ń tà fáwọn olùpolówó, wọ́n sì mọ ilé tó ti wá. Gbogbo fóònù ilé ni wọ́n wá ń polówó sí. Kí kálukú gbé fóònù ẹ̀ wá, kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Akọ̀wé, ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń rí gbogbo ohun tá à ń wò?" Bàlíkísù ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa, ìyàwó wa. Kí ni mo fẹ́ rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàlíkísù wọra. Ẹni tí kò rí nǹkan kan ló sá fún, tó lọ kó àṣírí rẹ̀ lé ẹni tó ń tà á lọ́wọ́. Ó lè sá wọ ilé ìwẹ̀ kó pa áàpù náà rẹ́, àmọ́ ọrùn Abdullateef ni ẹ̀sùn náà máa wà. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alhaja, ó ní òun fẹ́ rí wọn nínú yàrá.

Nínú yàrá, ó sọ gbogbo rẹ̀, oyún àti VPN. Alhaja jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Àwọn tí o ò rí rí ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé torí àwọn ẹgbẹ́ mi ni?"

Bàlíkísù ò parọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò lè fara da ìkíni yẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Alhaja wolẹ̀. "Ayọ̀ ló gbé mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ló máa jìyà ẹ̀. Má bínú, ọmọ mi." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jáde sí pálọ̀ níbi tí Abdullateef ti ń to fóònù sórí tábìlì.

"Lateefu, dá fóònù kálukú padà fún un. Èmi ni mo gbé nǹkan yẹn sórí fóònù mi."

"Ẹ̀yin, Ìyá? VPN?"

"Èmi. Ṣé wọ́n ní kí n má wo bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé ta ni mo fún lóyún!"

"Mo ti gbàgbé pé èmi ni. Àgbà ti dé." Ojú Alhaja ò yẹ̀. "Ọwọ́ ìwọ náà ò sì mọ́. Ta ló ní kó o máa fi irọ́ dẹ́rù bà wá nílé? Láti òní lọ, ìwọ lá máa pọn omi gòkè, gbogbo korobá pátá. Mi ò fẹ́ rí ọwọ́ ìyàwó Teslim lára korobá."

Abdullateef gbé korobá méjì, ó ń kùn lọ sídìí kànga, ó rò pé ẹnu òun ló kó bá òun.