Dàbínù Ẹnu Alfa Sulaiman

Hadiyyah mọ̀ pé ìyàwó tó bá bá bàbá ọkọ rẹ̀ jiyàn ní Ìlọrin, wọn yóò máa fi sọ ọ́ títí yóò fi di ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé mọ́ àyà yìí, tí oṣù rẹ̀ kò pé tó fi wáyé, tí orí rẹ̀ kò ju ọsàn kékeré lọ, òun náà ló bí i. Ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀, Abdulwaris, ti sọ fún un pé Bàbá òun, Alfa Sulaiman, ń bọ̀ ní ọsibítù láti wá fi dàbínù tọ́ ọmọ lẹ́nu.

Ọjọ́ ìkómọ ni. Sunna sì ni kí alfa jẹ dàbínù kúnná, kó fi ìka mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kó fi ra ọmọ lẹ́nu, kí adùn lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ láyé. Gbogbo ọmọ ilé wọn ni Alfa Sulaiman ti ṣe é fún, títí kan Abdulwaris alára. Ta ni yóò wá sọ pé kó má ṣe é fún ti òun?

Ohun tó ń dẹ́rù ba Hadiyyah kò jìnnà. Lọ́sẹ̀ yìí kan náà, Talatu, ìyá tó bí Hadiyyah, fi omi oyin kán ọmọ náà lẹ́nu, àánú ló ṣe é, ó ní ẹnu rẹ̀ gbẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ọmọ ti wú, ó le, awọ rẹ̀ ń dán. Wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró pátápátá. Àárọ̀ òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí omi ọmú tún máa gba inú rọ́bà tín-ín-rín tó wà nímú rẹ̀ kọjá, díẹ̀ bíńtín.

"Ìfun rẹ̀ ò tíì gbó," ni Nọ́ọ̀sì Juliana wí. "Omi ọmú rẹ nìkan ló lè gbà. Bí inú yìí bá tún wú, mi ò mọ ohun tá a máa ṣe."

Nọ́ọ̀sì ti wọn omi ọmú sínú sírínjì kalẹ̀, wọ́n sì ti pè é sí yàrá ìgbẹ̀bí, nígbà tí Alfa wọlé. Ó kí wọn ní sàlámù, ó fọ ọwọ́, ó ṣe bismillah, ó ju dàbínù kan sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Hadiyyah wo ọkọ rẹ̀, tó tẹ̀lé Bàbá wọlé, pé kó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ sí àwọn oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò Tanke, ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá fi ìka bọ ẹnu, ó na ọwọ́ sí ọmọ.

Hadiyyah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tọmọ tọmọ. "Inú rẹ̀ ò lè gbà á. Ẹ foríjì mí."

"Hadiyyah," ni ọkọ rẹ̀ pè é, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò gbé ọwọ́ kúrò. Dàbínù ló kún ẹnu Bàbá, kò sì jẹ́ tu ohun tó ti ṣe bismillah sí dànù. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Hadiyyah wo ojú yẹn títí, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, irùngbọ̀n funfun ń gbọ̀n. Ṣé ìbínú ni? Bí wọ́n bá lé e kúrò nílé ọkọ ńkọ́? Kí wọ́n lé e. Ẹni ọmọ sin ló bímọ.

"Inú rẹ̀ ti wú lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ìyá mi ló fún un ní oyin. Mo wà níbẹ̀. Ojú ìyá mi ni mo wò tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, Bàbá."

Alfa wo ọwọ́ tó bo ẹnu ọmọ náà. Ó wo rọ́bà tó gba imú rẹ̀ wọlé. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ti gbé dàbínù náà mì.

"Kí ló wá ń jẹ?" ó béèrè.

Hadiyyah nawọ́ sí sírínjì. Bàbá tún lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Hadiyyah ki ẹnu sírínjì bọ rọ́bà, ó ní kí Bàbá bá òun gbé e sókè, kí wọ́n má tì í, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣàn fúnra rẹ̀. Abdulwaris fi ọwọ́ tirẹ̀ gbe ti àgbàlagbà náà nísàlẹ̀. Omi ọmú náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, Bàbá ń ṣàdúà lábẹ́nu. Nígbà tó tán, Hadiyyah fi ìka kan inú ọmọ. Ó rọ̀. Wọ́n dúró díẹ̀. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó ṣì rọ̀.

Fóònù Bàbá dún. Ummu-Kulthum, ìyá Abdulwaris, ló ń pè láti ilé, níbi tí àwọn èrò ìkómọ pé sí. Ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́: ṣé ẹ ti fi dàbínù tọ́ ọmọ lẹ́nu? Ìyàwó yẹn ò ṣe agídí?

Bàbá wo Hadiyyah, tí ìka rẹ̀ kò tíì kúrò lára inú ọmọ.

"Hamzah ti jẹun," ó ní, ó sì pa fóònù náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ ọmọ náà.