Ibi Tí Òkpóròkó Ti Ń Wá

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí Tẹniọlá máa sọ̀rọ̀ nínú ìjọ, ìyá rẹ̀ Àdùfẹ́ ti wé gèlè tán kí oòrùn tó yọ. Àdùfẹ́ ni ògbufọ̀ ìjọ náà, ìjọ kékeré kan tó wà lẹ́bàá kánàlì ní Ajégúnlẹ̀. Bí oníwàásù bá ti sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun a gbà á lẹ́nu rẹ̀, a dà á sí Yorùbá, pẹ̀lú ohùn kan náà àti ìjuwọ́ kan náà. Ó ti túmọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù rí. Ó ti túmọ̀ fún ajíhìnrere tó ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n kò tíì túmọ̀ fún ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí rí, ayọ̀ náà kò sì jẹ́ kó lè jẹun.

Ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni Tẹniọlá kà ní yunifásítì. Ọ́fíìsì kan ní Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ ìjì àti òjò fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọ: kí wọ́n kó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kúrò ní yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí kánàlì, kí wọ́n gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn òkè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, omi ya wọ yàrá náà lójijì, àwọn olùkọ́ sì ń gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn òkè ni àwọn àgbà ọkùnrin ti ń ṣe ìpàdé, ọyẹ́ kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Dáhùnsí, baba ìjọ, kò rí ìdí tí wọ́n fi máa dìde.

"Oṣù Kẹfà ni òjò ńlá," ni bàbá náà wí. "Wọn ò bí mi lánàá."

Nígbà tí ó kan Tẹniọlá, ó bọ́ síwájú, ìyá rẹ̀ sì dúró tì í. Ó ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì pé gbogbo ayé ló ń gbóná sí i, ṣùgbọ́n pé ní ìkangun ayé lápá àríwá, ooru náà ń yára pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, yìnyín ibẹ̀ sì ń yọ́.

Àdùfẹ́ gbé ohùn sókè. "Ó ní yìnyín ti ń yọ́ ní òpin ayé!"

Òpin ilẹ̀ ayé ló fẹ́ sọ, bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ nínú àdúrà. "Ilẹ̀" ló já bọ́ láàárín.

"Jésù, gbà wá," ni àwọn ìyá ìjọ wí. Ẹnìkan ti kúnlẹ̀.

Bàbá Dáhùnsí mi orí. "Ṣé ẹ gbọ́? Òpin ayé ti dé. Kí la tún fẹ́ kó ọmọ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún? Òkè ọ̀run là ń lọ."

"Mọ́mì," ni Tẹniọlá sọ wúyẹ́wúyẹ́, "mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Àdùfẹ́ rí àṣìṣe rẹ̀. Bí ìjọ bá fi èyí lọ sílé, ìsàlẹ̀ ni àwọn ọmọ náà máa wà tí omi yóò fi dé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èmi ni mo ṣì í túmọ̀. Ayé ò tíì parí. Ibi tí ilẹ̀ ayé parí sí ni ọmọ mi ń sọ."

"Ibo nìyẹn?" Bàbá Dáhùnsí bèèrè.

Àdùfẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí Ebere, tó ń ta òkpóròkó, ẹja gbígbẹ líle tí àwọn ọkọ̀ ń kó wá sí Àpápá.

"Ebere, níbo ni òkpóròkó rẹ ti ń wá?"

"Norway, Mama Tẹni. Na cold breeze dem take dry am. The place cold pass fridge."

"Ó ṣeun. Ẹ kọjá ilẹ̀ òkpóròkó, kí ẹ tún máa lọ síwájú. Ibẹ̀ ni."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Tẹniọlá náà rẹ́rìn-ín, ó sì pa àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tì. Ó ní òtútù ilẹ̀ òkpóròkó àti ooru tiwa níhìn-ín ni wọ́n jọ ń darí ẹ̀fúùfù, ẹ̀fúùfù ló sì ń gbé òjò rìn. Bí òtútù ọ̀hún bá ń dín kù, ẹ̀fúùfù lè ṣìnà. Òjò lè tètè dé, ó lè pẹ́, ó sì lè da gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ó ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n èyí tí kò níyàn nínú ni pé yìnyín orí ilẹ̀ ọ̀hún ń ṣàn wọ òkun, òkun sì ń ga. Bí omi bá ti kún lọ́nà Snake Island, níbi tí omi wa ń ṣàn lọ, kánàlì ò ní rí ibi tú sí.

Àdùfẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì tún já ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

Bàbá Dáhùnsí, tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá títí ó fi darúgbó, fara síwájú lórí àga. "Ṣé ìdí nìyẹn tí omi fi ń yọ láti inú gọ́tà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀?"

"Ó wà lára rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Àwa àgbà ńkọ́, ibo la máa jókòó sí?"

"Baba, siddon for down," ni Ebere wí. "You tall."

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn.

Ọdún Àjíǹde ò tíì dé tí òjò ńlá fi ya lulẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Kánàlì kún, omi sì wọ yàrá ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ká ṣòkòtò sókè, wọ́n sì ń gbé àga jáde. Lókè, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọrin ìyìn, ẹsẹ̀ wọn gbẹ.

Nígbà tí omi fà, Àdùfẹ́ àti Tẹniọlá gun òkè lọ wò wọ́n. Bí wọ́n ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ náà dìde lápapọ̀. "Àǹtí Òkpóròkó, ẹ káàsán o!"

"Mọ́mì, ẹ wo ohun tí ẹ fà fún mi."

"Orúkọ rere ni," Àdùfẹ́ wí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọmọ rẹ̀ síwájú. "Ṣé èmi kọ́ ni mo túmọ̀ ẹ fún wọn?"